Ọ̀gá wa kò ríran mọ́: báwo ni ká ṣe máa kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp?

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé kò ní ṣàìsí ẹni tó mọ ọ̀nà rẹ̀ níbí.

A ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ọ̀yọ́ níbí, àwa ọlọ́jà, àwọn tíṣà àtàwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Èmi ni akápò. Orí WhatsApp la ti ń ṣe gbogbo nǹkan wa: ìkéde ìpàdé, owó oṣù, ìkéde òkú, ìkéde ìgbéyàwó. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni àìsàn glaucoma gba ojú wọn. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, àfìgbà tí wọn ò ríran mọ́ rárá. Ọmọ wọn ti tan nǹkan kan sórí fóònù wọn tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè, àwọn fúnra wọn ló sì ń tẹ èsì. Làákàyè wọn pé pérépéré. Kò sẹ́ni tó mọ òfin ẹgbẹ́ wa tó wọn.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti dákẹ́. Nígbà tí a ń dìbò lórí èlé owó yíyá, wọn ò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ló kọ òfin èlé náà. Mo wá pè wọ́n. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, àwòrán lẹ ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́. N ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀." Ó dùn mí dọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, báwo la ṣe máa kọ nǹkan tí á fi dé ọ̀dọ̀ wọn bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ tiwa?

Tíṣà Fìdítì

Ẹ kú àníyàn, mà. Ọlọ́run á tu Bàbá nínú.

Èmi náà kò ríran, láti kékeré ni. Federal College of Education (Special) tó wà ní Ọ̀yọ́ níbí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ni mo ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, fóònù ni mo sì fi ń kọ èyí. Bí fóònù Bàbá bá jẹ́ Android, TalkBack ni ohun tí ọmọ wọn tàn. Bó bá jẹ́ iPhone, VoiceOver ni. Láti 2009 ni méjèèjì ti wà lórí fóònù, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ìka la fi ń fà á láti òsì sí ọ̀tún, á máa ka ohun tó bá bá pàdé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá dé ibi tí a fẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ yín mọ̀ ni pé lẹ́tà ló ń wá. Ibi tó bá ti bá lẹ́tà, á kà á. Ibi tó bá ti bá àwòrán, "photo" ló sábà máa ń sọ, ó parí. Lẹ́tà tó wà nínú àwòrán kì í ṣe lẹ́tà lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí ìkéde yín ṣe ń dún létí Bàbá hàn yín. Ẹ fi fláyà ìpàdé ránṣẹ́, ẹ wá kọ "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo òkè yìí o" sábẹ́ rẹ̀, ẹ sì to ọwọ́ àdúrà rẹpẹtẹ tẹ̀ lé e. Ohun tí Bàbá ń gbọ́ ni orúkọ yín, lẹ́yìn náà "photo", lẹ́yìn náà "ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo òkè yìí o", lẹ́yìn náà "folded hands, folded hands, folded hands" títí yóò fi tán, lẹ́yìn náà aago tí ẹ fi í ránṣẹ́. Ó tán. Wọn ò mọ ọjọ́, wọn ò mọ ibi, wọn ò mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ.

Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí ńkọ́:

"ÌKÉDE. Ìpàdé oṣù yìí: Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ilé Alága ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́. A ó dìbò lórí èlé owó yíyá: ṣé kó dúró sí náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, àbí kó di méje? Ẹ mú káàdì ẹgbẹ́ dání."

Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa gbọ́. Fláyà náà lè tẹ̀ lé e, a ò ní kẹ́ ẹ má ṣe fláyà. Kí lẹ́tà ṣáájú ni mo wí. Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan náà máa bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìkéde yín, bí "ÌKÉDE" yẹn, nítorí bí Bàbá bá pàdánù rẹ̀, wọ́n lè tẹ ọ̀rọ̀ náà síbi ìwákiri, á sì gbé gbogbo rẹ̀ jáde.

Onífláyà Owódé

Mo kí Tíṣà, mo kí Ìyá Ìbejì. Iṣẹ́ fláyà ni mò ń ṣe, òkú, ìgbéyàwó, ìwúyè, ọjọ́ ìdúpẹ́, gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, mo sì fẹ́ kí gbogbo oníbàárà mọ̀ ọ́n.

Kò sí fláyà tí a kì í kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́ wá lórí ìwé tàbí lórí WhatsApp, àwa ń tẹ̀ ẹ́ sínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe fláyà. Nígbà tí a bá wá sọ ọ́ di JPEG, ìyẹn àwòrán, ká lè fi ránṣẹ́, lẹ́tà ti kú síbẹ̀, àwọ̀ lásán ló kù. Kódà PDF, bí oníṣẹ́ bá ti sọ lẹ́tà di "curves", ìyẹn ìlà yíyà lásán, kí fọ́ǹtì má bàa yí pa dà níbi ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ tó ń kàwé kò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ san owó iṣẹ́, ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín pé, "Fi ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi lọ́tọ̀." Kò gbọ́dọ̀ gba owó kún un, torí ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ẹ ó kàn dà á kọ sábẹ́ àwòrán ni.

Ohun kan tún kù. Fláyà òkú kì í ṣe déètì nìkan. Àwọn èèyàn máa ń wo àwòrán olóògbé, wọn á ní "Háà, ẹ wo bí Màmá ṣe dára." Ẹni tí kò ríran náà bá Màmá ṣe ẹgbẹ́, òun náà fẹ́ mọ̀. Ẹ fi ìlà kan kún un: "Àwòrán Màmá, wọ́n wọ àlàárì, wọ́n wé gèlè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín." Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Alàgbà Awẹ́

Ọ̀rọ̀ yín dáa, ẹ̀yin ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ò kúkú máa fi ohùn ránṣẹ́? Ká tẹ bọ́tìnnì, ká sọ ọ́, kí gbogbo wa gbọ́. Bí èyí kò bá sì rọrùn, ọmọ Bàbá ń bẹ nílé, kó máa ka àwòrán fún wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni nínú ẹgbẹ́, iṣẹ́ yìí á wọ akọ̀wé lọ́rùn.

Tíṣà Fìdítì

Ẹ kú àgbà, sà. Ohùn dára láti kíni, ó dára láti báni kẹ́dùn, ó sì dára fún ọ̀rọ̀ tó gùn tí ọwọ́ kò lè tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí. Bí akápò bá sọ nọ́ńbà àkáǹtì nínú ohùn, Bàbá á máa dá a pa dà, á máa dá a pa dà, kí wọ́n tó mú un. Wọn ò lè dà á kọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí wọ́n bá ń wá ohun tí a sọ nípa èlé, kò sí bí wọ́n ṣe máa rí i nínú ohùn oníṣẹ́jú mẹ́fà. Bí wọ́n bá wà ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò lè jókòó gbọ́ ohùn gígùn yín, ṣùgbọ́n wọ́n lè ki earpiece bọ etí kan kí wọ́n gbọ́ ìlà méjì. Ẹni tí etí rẹ̀ náà kò jí pérépéré tún wà láàárín wa.

Ọmọ Bàbá Ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ forí jì mí. Èmi gan-an ni ọmọ tó wà nílé lọ́dọ̀ bàbá tí kò ríran, kì í ṣe Bàbá tí Ìyá Ìbejì ń sọ o, tèmi ni. Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan fún wọn. Mo fẹ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi yá owó lẹ́gbẹ́ wọn, èmi ni mo kọ́kọ́ mọ iye ẹ̀, nítorí àwòrán ni wọ́n fi í ránṣẹ́. Nígbà tí dókítà fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ ní àwòrán, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn kan kọ ọ̀rọ̀ àṣírí sórí bébà, tó ya á ní fọ́tò, èmi ni mo kà á sí wọn létí. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo máa ń rí ojú wọn. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà, tó bá mi ṣe òfin ilé, ni gbogbo ọ̀rọ̀ owó ẹ̀ wá ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Mo fẹ́ràn wọn, mi ò sì ní kọ̀ láti kà á fún wọn láé. Àmọ́ ẹ má ṣe sọ mí di ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ lè gbà wọlé tọ̀ wọ́n.

Ìbò náà ńkọ́? Bí ọmọ bá ń ka ìwé ìbò fún bàbá, tó tún ń bá wọn tẹ̀ ẹ́, ta ló dìbò? Ìwé ìbò tó wà nínú WhatsApp fúnra ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní "poll", TalkBack ń kà á dáadáa. Ẹ lo ìyẹn. Ẹ má kọ ọ́ sínú àwòrán pé "tẹ 1, tẹ 2".

Alàgbà Awẹ́

Mo gbọ́ ti àṣírí yẹn, ọmọ mi. Òótọ́ ni. N kò ro ibẹ̀.

Ti ohùn, mo ṣì gbà pé kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ máa sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwa àgbà ni ìka wa kò yá lórí fóònù.

Tíṣà Fìdítì

Bẹ́ẹ̀ ni, sà, kò sẹ́ni tó ní kí àgbà má sọ̀rọ̀. Kí akọ̀wé kàn máa tẹ kókó ohùn náà sílẹ̀ ní ìlà kan lẹ́yìn ẹ̀. Google sì ti fi Yorùbá kún èdè tí èèyàn lè sọ sí Gboard, ohun tí a fi ń tẹ̀wé lórí fóònù, kó di lẹ́tà, láti 2024. Á ṣe àṣìṣe, pàápàá bí ẹnu bá yára, ṣùgbọ́n ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, àtẹni tó ríran àtẹni tí kò ríran.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Ẹ ǹlẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí, n kò ríran. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ mi, pẹ̀lú NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Windows, kó lọ gbà á, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ Ọsirélíà kan tí òun náà kò ríran, Michael Curran, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006, torí pé èyí tó wà lórí àtẹ nígbà náà wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ afọ́jú lọ.

Mo fẹ́ sọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ríran kì í mọ̀.

Orúkọ yín lórí WhatsApp. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ ni fóònù wa ń ka orúkọ yín kó tó ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹni tó bá kọ orúkọ ẹ̀, tó fi adé, òdòdó, iná, ọkàn pupa àti àsíá Nàìjíríà kún un, gbogbo ẹ̀ la ó gbọ́ kí "ẹ káàárọ̀" tó jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ará, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ.

Lẹ́tà oge. Àwọn kan máa ń lọ kó lẹ́tà dúdú tàbí lẹ́tà aláràbarà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá kọ ìkéde. Lójú yín, lẹ́tà ni. Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àmì ìṣirò ni wọ́n, ẹ̀rọ á sì pè é bẹ́ẹ̀, lẹ́yọ lẹ́yọ: "mathematical bold capital A". Òmíràn á tiẹ̀ fò ó. NVDA 2024.3 mú nǹkan kan wá tó lè sọ ọ́ di lẹ́tà lásán, èèyàn sì gbọ́dọ̀ tàn án fúnra ẹ̀. Fóònù Bàbá kò ní in. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúdú lórí WhatsApp, ẹ fi ìràwọ̀ kan síwájú, ìràwọ̀ kan sẹ́yìn, ìyẹn kò dí wa lọ́wọ́.

"Àmín." Ẹnì kan gbàdúrà, gbogbo ẹgbẹ́ ní "Àmín". Ó dáa, àdúrà la fẹ́. Ṣùgbọ́n tí ìkéde owó bá wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ẹni tí kò ríran á kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjá, orúkọ, àmín, aago, orúkọ, àmín, aago. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ àdúrà náà mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ àdúrà lé e lórí, Ọlọ́run á gbọ́.

Bí ẹ bá ń fèsì, ẹ fa ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fèsì sí mọ́ra. Ẹ má kàn kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó ríran á gbójú sókè, á mọ ìbéèrè tó ni ín. Àwa á fa ìka pa dà sẹ́yìn, a ò sì mọ ibi tí a ó dúró.

Olùkọ́ Yorùbá

Mo ní ìbéèrè kan. Mo máa ń fi àmì ohùn sí gbogbo ohun tí mo bá kọ, nítorí bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn. Ẹnì kan sọ fún mi pé ó ń da ẹ̀rọ àwọn tí kò ríran láàmú. Ṣé kí n yọ ọ́ ni?

Tíṣà Fìdítì

Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń lò lórí fóònù mi, mo sì ti mọ bó ṣe ń pe Yorùbá. Ẹni tó ti fi í gbọ́ Yorùbá pẹ́, etí ẹ̀ á ti mọ́ ọn. Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti lábẹ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù, bí ẹ́ àti ọ̀. Unicode kò fún wọn ní ààyè kan ṣoṣo. Ẹyọ méjì ni wọ́n ń so pọ̀ kó tó di ọ̀kan lójú yín. Ohùn tí kò mọ̀ ọ́n á gé ọ̀rọ̀ sí méjì tàbí kó fo lẹ́tà yẹn. Nítorí náà, nínú ọ̀rọ̀ kéékèèké lójoojúmọ́, èyí tí kò ní àmì rọrùn fún mi láti gbọ́ ju èyí tó ní lọ. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, Tíṣà, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ kí olùkọ́ yọ àmì. NVDA ní ibi tí èèyàn ti lè kọ́ ọ bí yóò ṣe pe àmì kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ́ tèmi, ó ń pe ẹ àti ọ bó ṣe yẹ. Bí àwọn tó mọ Yorùbá í kọ bá wá ń yọ àmì nítorí wa, inú kí ni àwọn tó máa ṣe ohùn Yorùbá fún fóònù á ti kọ́ ọ? Àwa náà fẹ́ gbọ́ èdè wa bí ìyá wa ṣe ń sọ ọ́. Nínú Braille, ìwé tí a ń fi ìka kà, tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé, ẹ, ọ àti ṣ ní àmì tiwọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní ká pa á tì.

Tíṣà Fìdítì

Ọ̀rọ̀ rẹ nípọn, àbúrò. Ohun tí mo lè fi kún un ni pé kí olùkọ́ bi ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Kí òfin ẹgbẹ́ àti ìwé tó máa pẹ́ ní àmì pé. Fún "ṣé ẹ ti jẹun?" lórí fóònù, kí wọ́n bi Bàbá fúnra wọn.

Màmá Oníléèsì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí a wà láàárín. Àfín ni mí, mo ríran, ṣùgbọ́n kò jìn. Èmi kì í lo ohun tó ń kàwé sókè. Ńṣe ni mo máa ń fi ìka méjì fẹ àwòrán, tí mo sì ń sọ lẹ́tà fóònù mi di ńlá. Fláyà tí wọ́n fi lẹ́tà yẹ́lò kọ sórí funfun, n kì í rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ́ sórí ẹsẹ̀ tí wọ́n ya ní fọ́tò, tí òjìji ọwọ́ bo ìdajì, n kì í rí i kà. Bí ọ̀rọ̀ bá wà ní lẹ́tà lásán lórí WhatsApp, mo lè sọ ọ́ di ńlá bí mo ṣe fẹ́. Ohun tí ẹ bá ṣe fún Bàbá yẹn, èmi náà á jẹ nínú ẹ̀.

OníPOS Ṣábọ́

Tèmi kò gùn. Nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹ kọ ọ́ dá nìkan sínú àtẹ̀jíṣẹ́ tirẹ̀, nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, láìsí ààyè láàárín, kí orúkọ báǹkì àti orúkọ ẹni tẹ̀ lé e nínú òmíràn. Ẹni tí kò ríran á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á dà á kọ, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó fẹ́ san án sí. Ẹ̀rọ máa ń kà á bíi "bílíọ̀nù méjì ó lé…", ṣùgbọ́n TalkBack lè ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí èèyàn bá yí i sí "characters", kí ọmọ Bàbá fi hàn wọ́n.

Risíìtì náà: bí Bàbá bá sanwó, kí wọ́n tẹ iye àti ọjọ́ sínú ẹgbẹ́. Bí ẹ̀yin bá fẹ́ fi risíìtì hàn wọ́n, ẹ kọ iye ẹ̀ sábẹ́ àwòrán.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Be My Eyes wà, ètò orí fóònù ni, láti Dẹ́ńmáàkì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọdún 2015 ló jáde: ẹni tó ríran níbikíbi láyé á wo ohun tí kámẹ́rà yín ń wò, á sọ ọ́ fún yín. Ohun rere ni, fún àmì egbòogi, fún àwọ̀ aṣọ. Ẹ má fi káàdì ATM hàn án, ẹ má fi PIN hàn án, ẹ má fi nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ hàn án. Àlejò ni wọ́n.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Òótọ́ lẹ sọ. Àwọn tó ń lo ọpọlọ ẹ̀rọ náà wà, Seeing AI ti Microsoft àti Lookout ti Google. Wọ́n lè ka lẹ́tà inú àwòrán. Mo ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ Yorùbá tí wọ́n kọ sórí fláyà aláràbarà, àmì sábà máa ń bọ́ sílẹ̀, orúkọ èèyàn sì máa ń dàrú. Bí ẹ bá lè tẹ ọ̀rọ̀ náà, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ní "ẹ̀rọ á bá wọn kà á."

Ọmọ Bàbá Ẹ̀

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ni bí àwọn fúnra wọn ṣe ń kọ̀wé sí wa.

Bàbá mi máa ń tẹ "mo wa nile owo mi o dun". Létí wọn, gbogbo ẹ̀ dún bó ṣe yẹ. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá dún bákan náà lẹ́nu ohùn fóònù, kò sí bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé èkejì ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n lè gbàgbé àmì ìdánudúró, wọ́n lè fi ààyè mẹ́ta sílẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹnì kan ń ṣe àtúnṣe gbogbo ọ̀rọ̀ wọn níwájú gbogbo èèyàn, ẹni tó jẹ́ pé bàbá mi ló kọ́ ọ ní kíláàsì. Ẹ má ṣe é. Bí ìtumọ̀ bá yé yín, ẹ fèsì sí ìtumọ̀. Bí kò bá yé yín, ẹ bi wọ́n níkọ̀kọ̀: "Sà, ṣé owó lẹ ń wí ni, àbí ọwọ́?" Kò tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá fi fọ́tò ránṣẹ́ tí orí èèyàn ti gé kúrò, ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n lè tún un yà. Àwọn tó dákẹ́ tí wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, àwọn yẹn ni wọ́n ń ṣe ibi.

Ẹ má sì máa kọ "ẹ tẹ ibi tó pupa yẹn". Ẹ pe orúkọ tó wà lórí bọ́tìnnì, ohun tí fóònù máa pè fún wọn nìyẹn. Líǹkì náà bákan náà: ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi líǹkì lé e.

Tíṣà Fìdítì

Ó ṣe pàtàkì kí n fi èyí kún un fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì ìjọba àti ilé ìwé tẹ́ ẹ ń ka èyí. Òfin tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara wà ní Nàìjíríà, oṣù kìíní 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn JAMB náà ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti 2017 fún ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìkéde ìgbanisíṣẹ́ àti ìkéde owó ilé ìwé ló ṣì ń jáde ní àwòrán. Ẹni tó bá wà níbi tí wọ́n ti ń gbé e jáde, kó dá a dúró níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo dà gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kọ sí ẹgbẹ́ wa. Akọ̀wé ti ń fi "ÌKÉDE" bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan. Àwọn ọ̀dọ́ ti yọ òdòdó kúrò lára orúkọ, àyàfi ẹnì kan tó ní ìyàwó òun ló fi í síbẹ̀. A ṣì ń bẹ̀ ẹ́.

Mo bi Bàbá ní ti àmì. Wọ́n ní kí a fi í sínú ìwé òfin, ká yọ ọ́ kúrò nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan lórí èlé yẹn. Wọ́n ka abala òfin tí àwa fúnra wa ti gbàgbé: a ò gbọ́dọ̀ yí èlé pa dà láìfi oṣù kan kéde rẹ̀ ṣáájú. Alága ti ní kí a tún ìbò náà dì.

Ó ku ohun kan. Ìwé ìṣirò ọdún wa, ọwọ́ la fi kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, onílà, ọ̀wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀wọ́n. Fọ́tò ẹ̀ la máa ń pín ṣáájú ìpàdé ọlọ́dọọdún. Báwo la ṣe máa ṣe ìyẹn?

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, mà. Kí orúkọ ọ̀wọ́n kọ̀ọ̀kan wà ní ìlà àkọ́kọ́: orúkọ, owó ìfipamọ́, owó tó yá, èlé, ohun tó kù. Ẹ má so àpótí méjì pọ̀ di ọ̀kan láti fi ṣe ẹwà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ṣìnà. Ẹ má fi àwọ̀ pupa nìkan sàmì sí ẹni tó jẹ gbèsè, ẹ kọ "gbèsè" síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ fóònù nìkan ni Bàbá ní, ẹ tún fi ti ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí i níkọ̀kọ̀, ní ìlà márùn-ún, orúkọ nǹkan kó ṣáájú iye: "Owó ìfipamọ́: 120,000. Owó tó yá: 50,000." Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán

Ó yé mi. Akọ̀wé ti jókòó tì í báyìí, ọmọ mi kan ń pe nọ́ńbà fún un láti inú ìwé ńlá. Bàbá ti ní kí a fi tiwọn ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n lè yẹ ẹ́ wò kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.